Ààyè Kan Tó Kù

Ààyè kan ṣoṣo ló kù nínú ìwádìí náà, obìnrin méjì ló sì ń dù ú.

Ilé ìwòsàn kan ní Libreville ló ń ṣe é fún àwọn tó ń wá ọmọ. Wọ́n á gba ẹyin lára obìnrin, wọ́n á pò ó mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ìgò, wọ́n á sì dá ọlẹ̀ tó bá dúró padà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì máa ti kọjá ogójì kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Sàdíátù ń tajà ní àdúgbò PK8. Chloé, ọmọ Gabon, ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Ṣẹ́gun ló ń gbà wọ́n wọlé, òun nìkan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ló sì ti rí àwọn méjèèjì.

Ìlú kan náà ni bàbá Ṣẹ́gun àti bàbá Sàdíátù ti wá. Obìnrin náà kò jẹ́ kó sinmi.

"Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ dákun. Àwọn ẹbí ọkọ mi ti ń wá ìyàwó míì fún un."

"Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké yan ẹni tó máa wọlé, Sàdíátù. Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ! Ṣé ẹ̀rọ ló ń tẹ ara ẹ̀ ni? Ẹ̀yin ò lè mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa jẹ ìkómọ ẹlòmíì kiri."

Ṣẹ́gun dìde. Ó bu omi fún un.

Dókítà Marie-Laure ti ń wò wọ́n. Nígbà tí Sàdíátù jáde, ó ní, "Ṣẹ́gun, èèyàn rẹ nìyẹn. Fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, èmi ni màá tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín náà nìyẹn."

Ṣẹ́gun dúró sẹ́yìn àga dókítà. Marie-Laure tẹ̀ ẹ́. Orúkọ Sàdíátù ló jáde.

"Ṣé a ò lè tún un tẹ̀?" Ṣẹ́gun béèrè.

Ó ya dókítà lẹ́nu. "Kí wọ́n má baà ní o ṣojúsàájú? Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan la sọ pé a máa tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ má bínú."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sàdíátù kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kàn ń fi ẹ̀rọ dẹ́rù bà mí ni! Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ta ọmọ ìlú yín nù. Àwọn ọmọ yín ò ní ráre o!"

"Àmín," ni Ṣẹ́gun wí.

Dókítà ní kó pe Chloé lórí fóònù. Ṣẹ́gun ní rárá, ojúkojú lòun máa sọ fún un.

Nírọ̀lẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní àdúgbò Louis, ó gun àtẹ̀gùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, Chloé, ìyàwó tó ti fẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ta ni wọ́n mú?"