Gómìnà Ń Kọ́ Ìtẹríba

Alágbàfọ̀ gómìnà àná ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi.

Ọ̀gá rẹ̀ ti di aṣojú ìjọba lókè òkun. Ọ̀la ló ń lọ.

Ọ̀gá náà kì í ka fáìlì iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a kà á.

Ìyàwó ń kọ́ ọ bó ṣe máa tẹrí ba fún ọba ibẹ̀. Ìyá ìyàwó ló jókòó bí ọba.

"Dádì, ẹ tẹ̀ sí i! Ẹ̀yìn yín le bíi pákó," ni ìyàwó wí fún ọkọ rẹ̀.

Ọ̀gá tẹrí ba fún ìyá ìyàwó lẹ́ẹ̀meje, ó wọlé lọ wẹ̀.

"Ọba wo tiẹ̀ ni?" ni ìyá bi ọmọ rẹ̀.

"Wọn ò lọ́ba, Màámi. Ààrẹ ni wọ́n ní. Màá sọ fún un nínú bàálù."

"Ọdún mẹ́jọ tó fi ṣe gómìnà, orí ló ń mì sí mi bí alángbá!" ni ìyá wí.

Ìyá gbé báàgì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín jáde, kò wẹ̀yìn.