Ọkọ̀ Sójà Gàníyù àti Ẹni Tó Ń Bá a Wo Ọ̀nà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń wakọ̀ nílé yín.

1.
Gàníyù ará Ajah ti wakọ̀ fún àwọn sójà nígbà ogun abẹ́lé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1974, ó ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ogun àtijọ́ ní gbàǹjo. Ọkọ̀ náà ga, ó sì lágbára. Màlúù kan kọ lù ú rí, irin iwájú rẹ̀ kò tẹ̀. Àràárọ̀ ló fi ń kó àgbọn, ẹ̀gẹ́ àti ẹja lọ sí Ọbáléńdé.

Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Ayé ìgbà tí a ṣì ń gba ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ti ṣe é, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ìjọba sì ti ní láti ọdún 1972 pé kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Nínú ọkọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ tó kángun sí etí títì ni Gàníyù ń jókòó sí. Bí ọkọ̀ ńlá bá wà níwájú rẹ̀, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ lódìkejì.

Sìmbíátù, ìyàwó rẹ̀, ló ń bá a wò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń jókòó sí, pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lẹ́sẹ̀. Yóò yọrí síta, yóò ní, "Ọ̀nà dá, Bàbá Rùkáyàt," Gàníyù yóò sì kọjá. Bó bá ní, "Ẹ dúró," yóò dúró. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì ha ẹnikẹ́ni lára.

2.
Nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sójú ọ̀nà, eré ọkọ̀ pọ̀ sí i, àwọn awakọ̀ náà sì pọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú wọn, Tájù, bẹ̀rẹ̀ sí í pe Gàníyù ní "ọkọ tí ìyàwó ń wà bí ọkọ̀". Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Gàníyù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dọ́kàn.

Nírọ̀lẹ́, ó sọ fún Sìmbíátù pé ẹ̀yìn, lórí ẹrù, ni yóò máa jókòó láti ọjọ́ kejì. Sìmbíátù bẹ̀ ẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé sítíárìn náà sọ́wọ́ òsì kó tó tún wà á. Gàníyù kọ̀. Ó ní òun ti wakọ̀ níbi tí ọta ìbọn ti ń fò, kò sì sí obìnrin tó fọ̀nà han òun níbẹ̀.

"Má sì máa lu òrùlé ọkọ̀ mọ́ mi lórí," ló fi kún un.

3.
Oṣù méjì kò pé. Lówúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, típà oníyanrìn kan ń wọ́ lọ níwájú wọn, wọn ò tíì dé Ikate. Tájù ti ṣíwájú, Gàníyù kò sì fẹ́ kó kọ́kọ́ dé Ọbáléńdé.

Sìmbíátù wà lókè àgbọn. Ibẹ̀ ga, ó sì rí ohun tó wà níwájú típà náà: ọkọ̀ ìjàpá funfun kan ń bọ̀. Ó lu òrùlé. Ó tún lù ú. Gàníyù fọn fèrè, ó sì yà sọ́wọ́ òsì.

Ètè Gàníyù nìkan ló bẹ́. Ọkọ̀ ìjàpá náà ni kò ṣeé dá mọ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Odùkọ̀yà ló wà nínú rẹ̀, agbẹ̀bí kan ṣoṣo tí àwọn abúlé etí òkun yẹn ní. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ méjèèjì tí Sìmbíátù bí. Sìmbíátù bọ́ sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ fèrèsé tó ti fọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì kò béèrè ẹni tó kọ lù ú.

"Kùdírátù ń rọbí ní Ajah," ló wí. "Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà mú wá. Ẹ má jẹ́ kó dá wà."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

4.
Sìmbíátù sáré padà sí Ajah láìwọ bàtà. Àwọn ìyá àgbà ti yí Kùdírátù ká, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà, wọ́n ń retí nọ́ọ̀sì. Kò mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Ọkùnrin ni.

5.
Ní kóòtù, Gàníyù ní òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lu òrùlé. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń mú un jáde, Akínsànyà, apẹja tó jẹ́ ọkọ nọ́ọ̀sì, dúró níwájú rẹ̀. Kò ṣépè. Ó kàn béèrè bóyá Gàníyù tilẹ̀ rí ojú ìyàwó òun. Gàníyù ní òun kò rí i.

"Èmi rí i," ni Akínsànyà wí. "Èmi ni wọ́n pè wá dá a mọ̀."

Nígbà tí Gàníyù dé láti ẹ̀wọ̀n, kò sẹ́ni tó bú u. Ṣùgbọ́n kò sí agbẹ̀bí mọ́; ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé àwọn aboyún abúlé etí òkun lọ Èkó nígbà yẹn, àwọn kan kì í sì í dé ibẹ̀ láàyè. Bí obìnrin tó lóyún bá rí i lọ́nà, yóò yà fún un.

Sìmbíátù gbé oúnjẹ fún un. Kò lè jẹ ẹ́.

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn," ló sọ, kò lè gbójú sókè. "Mo gbọ́ bó o ṣe ń lu òrùlé. Mo rò pé o kàn fẹ́ fi hàn mí pé mi ò lè dá a ṣe ni."

"Mo mọ̀," ni Sìmbíátù dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lù ú, Bàbá Rùkáyàt."

Ó gbé abọ́ náà tòun ti oúnjẹ inú rẹ̀, ó lọ sẹ́yìnkùlé, kò sì wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n jọ gbé inú ilé yẹn títí Gàníyù fi kú. Kò wakọ̀ mọ́ láyé.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó ń bá yín wo ibi tí ojú yín ò tó kò gba ipò yín. Ìbáà ṣe ìyàwó, ìbáà ṣe ọmọ, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rín àwọn ará gáréèjì kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n òkú kì í jí. Bí ẹ ò bá rí ohun tó ń bọ̀, ẹ má yà kọjá. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.