Wọ́n Ń Pa Ọmọ Wa Lẹ́kún

Obìnrin olùwádìí yìí tún ti jókòó sí pálọ̀ wa. Òkìtì ìwé ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

"Kí lo rántí nípa bàbá ẹ tó kú?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bú sẹ́kún. Omijé ẹ̀ pọ̀ débi pé àga fẹ́ máa léfòó.

Mo fò dìde. "Àǹtí, ẹ máa lọ. Ẹ fẹ́ fi òkú ẹ̀gbọ́n mi gboyè yunifásítì."

"Ìyá ẹ̀ ti fọwọ́ síwèé pé kí n bá a sọ̀rọ̀, sà."

"Ṣé ìyá ẹ̀ ló ń sunkún ni?"

Obìnrin náà ń kówèé ẹ̀. Ọmọ náà di aṣọ obìnrin náà mú.

"Bàbá kékeré, ẹ má lé wọn. Àwọn nìkan ló ń bi mí nípa bàbá mi. Tí n bá ti dárúkọ bàbá mi, ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ àwàdà. Èmi náà á wá máa rẹ́rìn-ín, kí inú yín má baà bàjẹ́."