Má Jẹ́ Kó Délé Ṣáájú Aago Mẹ́fà

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Ọládùnjoyè gbé lé àbúrò rẹ̀, Ọlábímtán, lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ náà: Ọlábímtán kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Adépéjú, ìyàwó ara rẹ̀, délé ṣáájú aago mẹ́fà. Démiládé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti kú ní ìdájí ní iléèwé tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn ibà ọjọ́ méjì. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Adépéjú sì wà nínú oyún oṣù mẹ́fà, oyún tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlá wá. Ọládùnjoyè ní a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá ọmọ lójú pópó. Ìyá Adépéjú ti wà lọ́nà láti Ìlọrin. Ó di ìgbà tí ìyá náà bá wọ Kubwa, tí àwọn àgbà ìjọ sì pé sílé, kí wọ́n tó túfọ̀ fún un.

"Ìwọ ṣọkàn akin," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní ọ́fíìsì. "Tó o bá fẹ́ sunkún, ó di alẹ́."

Ọlábímtán to irọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kó tó pe ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Utako. Ó ní Nàìjíríà fẹ́ bá Iceland gbá bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́rin, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018 yìí, pé ó wu òun kí àwọn jọ lọ wò ó níbì kan. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Adépéjú fi dárúkọ ilé oúnjẹ tuntun kan ní Gwarimpa, tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá ńlá kọ́ sára gbogbo ògiri rẹ̀. Obìnrin tí kì í wo bọ́ọ̀lù! Díákónì ni ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì jọ wọ ibi tí wọ́n ti ń ta bíà rí. Irọ́ kan péré ni Ọlábímtán lò, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpẹ́ náà tì í lójú.

Ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló pọ̀ jù lọ́rùn àwọn èèyàn, fèrè ń dún, èéfín ẹja yíyan ń ta sójú. Priscilla, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ, rí àga méjì fún wọn ní igun kan.

"Oga, Madam, wetin una go chop? Catfish dey, e still hot."

"Bring am," ni Adépéjú wí. "Make pepper dey well well."

Ọlábímtán ní kó yá òun ní fóònù rẹ̀, pé iná tòun ti tán. Ó nà án sí i lójú ẹsẹ̀.

"Mo ti pa á. Ẹ kúkú gbà á."

Ọkọ rẹ̀ tì í bọ àpò. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa lè pè é láti kí i kú ọ̀fọ̀ báyìí.

"Bàbá Démi, ẹ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?"

"Màá lò ó tá a bá délé."

"Rárá o. Ẹ lò ó nísinsìnyí."

Ó yọ ọ́ nínú báàgì tirẹ̀, ó sì ń wò ó títí ó fi gbé e mì. Láti ìgbà tí Ọlábímtán ti ṣubú ní ọ́fíìsì lọ́dún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ oògùn ti di iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó bú sẹ́kún lórí ife omi.

Ẹja dé. Kò lè jẹ ẹ́. Adépéjú ń jẹ tirẹ̀, ó ń nu ojú, ó ń fun imú, ó ń bú ata. Ọlábímtán ń wò ó, àánú rẹ̀ ń ṣe é dọ́kàn. Jẹ ẹ́, Péjú, ló ń wí nínú ara rẹ̀, ó lè pẹ́ kó o tó tún jẹun.

Ìdajì àkọ́kọ́ ò tíì parí tí Nehemiah, tó ń tẹ dùùrù nínú ìjọ wọn, fi wọlé. Ó rí wọn, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì kọrí sọ́dọ̀ wọn. Ìjọ ti gbọ́ nìyẹn. Ọlábímtán ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, Adépéjú ti dìde tòun ti oyún rẹ̀, ó la àárín èrò kọjá, ó sì sọ nǹkan sí ọkùnrin náà létí. Nehemiah wo Ọlábímtán lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde.

"Kí ló ń wá?"

"Àga ni. Mo ní ibí ti kún."

Nígbà ìsinmi, Ọlábímtán wọ ilé ìtọ̀, ó ki áńkáṣífù bọ ẹnu, ó sunkún. Ó bọ́jú, ó padà. Ojú Adépéjú náà pọ́n, ó ní ata wọn ti burú jù.

Nàìjíríà gbá góòlù wọlé. Gbogbo ilé fò sókè. Adépéjú dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ki orí bọ àyà rẹ̀, ó sì figbe ta. Àwọn èèyàn ti jókòó padà, òun ṣì ń ké.

"Kai! Madam, sànnu o!" ni ọkùnrin kan fi èdè Hausa kí i pẹ̀lẹ́, àwọn tó wà nítòsí sì rẹ́rìn-ín.

Ọlábímtán náà rántí pé ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín. Ó jowú ìyàwó rẹ̀ gidi. Ì bá dára kí òun náà lè lanu ké bẹ́ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má sì béèrè ìdí.

Góòlù kejì wọlé, fèrè ìparí dún. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Adépéjú ní kí wọ́n jókòó díẹ̀ sí i kí èrò dínkù, ọkọ rẹ̀ sì gbà. Ó ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó kù kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú obìnrin yìí lọ bá ohun tó ń dúró dè é nílé, ìyẹn gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí tábìlì.

"Péjú, ohunkóhun tá a bá bá nílé..."

"Ẹ mí dáadáa, Bàbá Démi," ni Adépéjú wí, ó fi ọwọ́ kejì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, "ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́níkẹ́ ló ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ délé ṣáájú aago mẹ́fà, torí èmi ni iléèwé kọ́kọ́ pè láàárọ̀."