Àwòrán Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Ìlà tó gbẹ̀yìn ni káfíńtà ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha kúrò lára ògiri abẹ́ afárá nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Dádì, ẹ má fọwọ́ kan ògiri abẹ́ afárá o! Ọmọ wa kọ nǹkan síbẹ̀! Aládùúgbò wa rí i láti inú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ó dá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀: 'Bàbá mi, ẹ wá mú mi ní...' Bọ́ọ̀sì ò jẹ́ kó kà á tán."

Oṣù mẹ́ta rèé tí ọmọbìnrin náà ti sọnù, àfi bíi pé ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Ògiri sì ti mọ́ tónítóní. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Oògùn ìfọgiri máa ń ba dígí jẹ́, ló fi ki ìgò ojú rẹ̀ bọ àpò. Láìsí i, ìkọ̀wé ò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí lójú rẹ̀.

"Tíṣà! Ẹ gbà mí!" Ó sáré bá ìyá àgbà tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà, olórí àwọn tí wọ́n jọ ń fọ ògiri ìgboro lọ́fẹ̀ẹ́. "Àwòrán tí ẹ máa ń yà kí a tó bẹ̀rẹ̀, tòní dà?"

Tíṣà wá a nínú fóònù rẹ̀. "Ó wà níbí! Ọlọ́run ò ní dójú tì wá."

Káfíńtà fi ìgò sójú. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀ gan-an ni: BÀBÁ MI, Ẹ WÁ MÚ MI NÍ. Lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló kàn nínú àwòrán náà, tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, tó fi gbogbo ẹ̀yìn bo ìyókù ọ̀rọ̀ náà, tó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín síta.