Ẹ̀rín Inú Ilé Iwin

Oníbúrẹ́dì ti fi oṣù mẹ́fà wá ibi tí yóò kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Onílé ibi tó ń lò ti ní kó kó jáde kí oṣù yìí tó parí, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló sì ń wo ojú rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tó kù, tó tóbi tó, tó sì sún mọ́ títì, ni ọgbà ìgbafẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti tì pa láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìjọba ti gbà láti fún un. Ó ku kí wolé-wolé yẹ ibẹ̀ wò, kó fọwọ́ síwèé pé ènìyàn lè ṣe oúnjẹ níbẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fi ọkọ̀ gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, ó pa ọkọ̀, àmọ́ kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí mo lè bá yín dé nìyí o. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé iwin ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń gbọ́ ọ."

"Ṣé iwin ló máa bá mi gbé ẹ̀rọ mi pamọ́ tí onílé bá dà á síta? Jókòó síbẹ̀, ojo."

Wolé-wolé ti ń dúró dè é nínú géètì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú, ojú áyọ́ọ̀nù ṣì hàn lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tàbí alùpùpù kankan nítòsí rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ti yá jù mí lọ. Ibo lẹ̀ ń gbé gan-an?"

"Tòsí ibí náà ni, Màmá. Ọ̀nà ńlá tuntun yẹn ló gba orí ilé wa àtijọ́ kọjá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fi èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò."

"Àmín," ló wí, ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Oníbúrẹ́dì ò tíì rí nǹkan kan tó ti fi ìborùn di imú. Lẹ́yìn àwọn ẹṣin onírin tí ọ̀dà ti bó lára wọn, ẹja bí ogún wà lórí ìjókòó ọkọ̀ ìṣeré kan. Ikùn wọn ti bẹ́, idin sì ń yí nínú ihò ojú wọn. Ó tutọ́ dànù.

"Ta ló ń kó ẹja wá síbi tí ènìyàn kì í dé?"

"Bóyá ẹyẹ ni," wolé-wolé dáhùn. "Tàbí àwọn iwin tí gbogbo àdúgbò ń pariwo wọn yẹn."

Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá onípákó, ó ní, "Ẹ gba apá ọ̀tún. Ti òsì ti jẹrà." Kò gbé ojú sókè kó tó sọ ọ́.

Adágún tí àwọn ọmọdé ti máa ń wa ọkọ̀ ojú omi nígbà kan ti di omi ọbẹ̀ tó ti kan. Òkú eku méjì léfòó sórí rẹ̀, wọ́n wú bí ìyẹ̀fun tó ti gba ìwúkàrà. Oníbúrẹ́dì yíjú kúrò. Ó mọ̀ pé òun kò ní po ìyẹ̀fun mọ́ láìrántí eku wọ̀nyẹn.

"Tó bá ti tó yín, Màmá, ẹ sọ."

"Kò tíì tó mi. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń retí mi."

Ilé Iwin, tí wọ́n ti máa ń fi iwin àtọwọ́dá dẹ́rù ba àwọn ọmọdé nígbà kan, ló wà lẹ́yìn pátápátá. Àkísà kan wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, ó ṣì tutù. Wolé-wolé nu bàtà ọ̀tún, ó nu ti òsì, kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu oníbúrẹ́dì pẹ̀lú gbogbo ìríra tó mú un.

"Ọ̀gá, inú ààtàn lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ wá ń nu bàtà!"

"Ó ti mọ́ mi lára ni."

Korobá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìfun ẹran tó ti jẹrà ló kún inú rẹ̀, idin sì ń gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ̀ síta. Èébì gbé oníbúrẹ́dì. Ibi tó ti ń bì ló ti gbọ́ ẹ̀rín láti inú òkùnkùn, ẹ̀rín kékeré bíi tọmọdé, tó gé lójijì. Wolé-wolé wú ikọ́ gidigidi lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Kí ni mo gbọ́?"

Oníbúrẹ́dì ò lè dúró mọ́. Ó sá jáde, ó di ẹṣin onírin kan mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìríra gbáà! Ẹni tó bá lè sùn sírú ibí, ẹranko ni!"

Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀ tí kò tú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde.

"Kí ni kí n kọ, Màmá? Tẹ́ ẹ bá ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n lè fọ̀ ọ́, màá kọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ pé kò ṣeé lò! Kí wọ́n kó gbogbo ọṣẹ ayé fọ̀ ọ́, èmi fúnra mi ò ní jẹ búrẹ́dì tó bá tibí jáde."

Ó kọ ọ́. Oníbúrẹ́dì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Omijé wà lójú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ti òórùn ni tàbí ti àwọn mọ́kànlá yẹn.

"Ẹ gbọ́ ẹ̀rín náà?" àbúrò rẹ̀ bi í nínú ọkọ̀.

"Máa wakọ̀ ẹ lọ."

Wolé-wolé dúró ní ẹnu géètì títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀, ó padà sí Ilé Iwin, ó nu bàtà ọ̀tún, ó nu ti òsì, ó sì nahùn sínú òkùnkùn pé, "Ìyá àwọn ọmọ, wọ́n ti lọ o, ẹ bá mi gbé korobá yẹn síta, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn lè wọlé díẹ̀ káwọn ọmọ tó jẹun."