Ẹ̀bi Tí Wọ́n Dì Ru Wúràọlá

Ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínbọ̀dé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ìmọ̀ràn kì í wọ̀ ọ́ létí. Òun ló ń pèsè ohun tí wọ́n fi òwú nù nímú aláìsàn fún ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá kòkòrò àrùn. Bí a ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń mọ kòkòrò tó bá jẹ́ ìran kan náà.

Àṣà wọn ni láti fi ìgò kan tó jẹ́ kìkì omi tí wọ́n fi ń po iṣẹ́ sáàárín ìgò àwọn aláìsàn. Bí ẹ̀rọ bá rí àrùn nínú omi, a jẹ́ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ti wá. Akínbọ̀dé ní ẹni tí iṣẹ́ kò dá lójú ni kó máa yẹ omi wò. Ọ̀fìnkìn ń ṣe é lọ́sẹ̀ kan, síbẹ̀ ó fa ìbòmú sílẹ̀ sí àgbọ̀n nítorí ooru bó ṣe ń po iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ náà, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan ń wúkọ́. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì yẹ Wúràọlá wò, obìnrin tó ń tọ́jú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe é. Akínbọ̀dé rí kòkòrò kan náà nínú ìgò gbogbo wọn. Ó sọ fún àwọn òbí pé obìnrin yìí ló kó o ran ọmọ wọn, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Wúràọlá wá bá a, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò wúkọ́ rárá. Ẹ bá mi tún un wò." Akínbọ̀dé ní ẹ̀rọ kì í purọ́.

Dókítà Mopélọ́lá, ọ̀gá rẹ̀, ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Omi ńkọ́, Akínbọ̀dé?"

Ọ̀gá bu nínú omi tó fi po gbogbo ìgò náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kòkòrò náà wà níbẹ̀. Ó fi òwú nu imú Akínbọ̀dé fúnra rẹ̀, kòkòrò kan náà ni. Nígbà tí ọ̀gá fi omi tuntun tún iṣẹ́ náà ṣe, àrùn mìíràn ló ń ṣe àwọn ọmọ. Imú Wúràọlá mọ́.

Ọ̀gá ní kí Akínbọ̀dé lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú àwọn òbí. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ Wúràọlá pé kó padà, ó kọ̀. Ó sọ fún Akínbọ̀dé pé, "Mo ti forí jì yín, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó máa ń sùn lẹ́yìn mi ti ń sá fún mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ká yẹ ọwọ́ ara wa wò ká tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.